Agogo Ti Dún, Bàbá Làsísì Kò Tíì Dé

Bàbá Làsísì Àlàmú ti kú. Ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ tánganran ni wọ́n ṣubú sí, létí ojú irin, níbi tí koríko ti ga bo èèyàn, lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ ìje àdúgbò wa. Bí Bàbá ṣe ń pọ̀kàkà ikú nínú koríko yẹn, àwa ń jẹ ìrẹsì. Ẹnì kan wà lórí pèpéle tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìje ọdún yìí parí láìsí ewu. Ambúláǹsì tí a torí irú Bàbá gbà sì ti ń sá lọ sí Ìkẹjà, ó ń han gooro, ó ń la ọ̀nà fún ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dá ṣáká.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kọmití ìje fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò. Mo ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ jẹ́ n kà á fún yín bí Alága wọn, Ọ̀gá Bọ́látitó, á ṣe kà á, pẹ̀lú ohùn tó máa ń kọ́kọ́ yà nímú kó tó gba ẹnu jáde: "Ìje Tánganran ti ọdún yìí lọ ní ìrọwọ́-rọsẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kọ. A gbọ́ pé bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò papòdà lẹ́yìn tí ìje ti parí. A bá ẹbí wọn kẹ́dùn. A tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọnọ́rébù wa fún àwọn fáníìlà."

Bàbá àgbàlagbà kan. Ṣé ẹ gbọ́? Bí ìgbà tí wọ́n bá rí òkú ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ olówó rẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú ìje yìí kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú kọmití, òun ló di "kan". Wọ́n mọ orúkọ Ọnọ́rébù, wọ́n mọ iye àwọ̀ tó wà lára fáníìlà, wọn ò mọ orúkọ Bàbá Làsísì.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló gbé mi dìde. "Lẹ́yìn tí ìje ti parí" ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wá. Nítorí bí ìje bá ti parí kí Bàbá tó ṣubú, a jẹ́ pé ẹni tó ń lọ lọ́nà ara rẹ̀ ló kú, kọmití ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Bí ìje kò bá tíì parí ńkọ́? A jẹ́ pé ẹnì kan ló ti géètì nígbà tí èèyàn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ta lẹni náà?

Ẹ jẹ́ n sọ bí ìje yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń so bánà mọ́ òpó iná lónìí rò pé àwọn ni wọ́n bí i. Ìsàlẹ̀ Tánganran là ń pe àdúgbò wa, ní ìhà Agége tó kọjú sí Ọ̀gbà, nítorí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ tánganran níbẹ̀ nígbà kan, àwọn abọ́ olódòdó tí wọ́n máa ń kó sínú ẹrù ìyàwó. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á sáré láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́, wọ́n á gba etí ojú irin, wọ́n á yí ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ po, wọ́n á sì já síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, níbi tí àwọn ìyàwó wọn ti ń se ìrẹsì dè wọ́n. Kò sí ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló máa kọ́kọ́ mú ẹran.

Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó ń kun òdòdó sára abọ́ fẹsẹ̀ rọ́ lórí igi ojú irin. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn tó dé ti ń jẹun, wọ́n ń jó, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ìyàwó ọkùnrin yìí fọ abọ́ tán ló tó wò yíká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá mi rí ọkọ mi?" Wọ́n bá a níbi tó jókòó sí lórí irin, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ti wú bí ìrọ̀rí. Bàbá Làsísì ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wa. Wọ́n ní ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ẹran ṣì kù?" Àwa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Bàbá kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ojú irin tó ń ṣiṣẹ́ ló jókòó sí o."

Ìyá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà yẹn ló bínú jù. Nígbà tí ọdún yípo, ìyá náà gbé agogo kékeré tí wọ́n fi ń pe àdúrà jáde, agogo ọlọ́wọ́ igi, wọ́n ní, "Ẹni tó bá wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn pátápátá ni kí èyí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ò bá tíì gbọ́ ọ níbí yìí, ìkòkò kankan ò gbọdọ̀ ṣí. Ẹ ò lè fi ìfẹ́ rántí ara yín, ẹ ó fi ebi rántí."

Ta ni wọ́n gbé agogo náà fún? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo wọn. Làsísì, ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹni tó ti ń gba ipò kìíní lọ́wọ́ àwọn bàbá ọlọ́mọ. Wọ́n ní inú Làsísì bàjẹ́. Ó ní, "Ìyá, èmi kẹ̀? Èmi tí mo lè já síwájú gbogbo wọn?" Ìyá Ìjọ ní, "Ẹni tí ò lè sáré, báwo ló ṣe fẹ́ dúró deni? Ó ti rẹ òun náà. Ìwọ tó o lágbára ni kó o dúró." Láti ọjọ́ náà, Bàbá Làsísì ò fi ara wọn sínú ẹni tó ń du ipò mọ́. Gbogbo ọdún tí wọ́n ì bá fi máa mú ẹran níwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń da àwọn tó ti rẹ̀ wálé bí ẹni da adìyẹ.

Mùsùlùmí ni Bàbá, agogo Aládùúrà ló wà lọ́wọ́ wọn. Lemọ́mù àdúgbò a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Làsísì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lò ń gbé kiri yẹn?" Bàbá á ní, "Lemọ́mù, ebi ni mò ń pè. Ebi ò yan ẹ̀sìn." Lemọ́mù á sì lọ jókòó nídìí ìkòkò, òun náà á máa retí agogo.

Bí ẹ bá ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí lọ́jọ́ ìje, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Òórùn ìrẹsì ti gba afẹ́fẹ́ kan. Àwọn tó ti dé ń mú omi, wọ́n ń wo ìkòkò bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Àwọn ìyá ti di síbí mú. Èébú á wá bẹ̀rẹ̀: "Ta ló kù lẹ́yìn ná? Ṣé ìgbín ló ń sáré ni?" "Ẹ lọ wo ọ̀nà o, bóyá ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣí ìkòkò. Ọmọ tí ń ké, wọ́n á fún un ní bisikíìtì. Lẹ́yìn náà ni agogo á dún láti ọ̀nà jíjìn, gán-án, gán-án-gán, gán-án, gbogbo wa á sì hó yèè. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ò gba irú ìyẹ́sí yẹn rí. Ẹni ìkẹyìn là ń hó fún, torí òun ló mú oúnjẹ dé.

Ẹ bi Àǹtí Ìbídùn tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Wọ́n sanra díẹ̀, wọn ò ní bínú sí mi, àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́. Lọ́dún kan, wọ́n jókòó sílẹ̀ ní kọ́nà ojú irin, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀, kí n kú síbí."

Bàbá dúró tì wọ́n. "Wàá kú? Kò burú. Ṣùgbọ́n kó o tó kú, Ìbídùn, òótọ́ ni pé láńdíléèdì rẹ ní o ò mọ irun dì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ní ó ní ọwọ́ rẹ le bí ọwọ́ káfíńtà."

Àǹtí Ìbídùn dìde. "Èmi? Èmi tí mo dirun fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Irun tí gbogbo èèyàn ń béèrè pé ta ló dì í?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n ń rojọ́, wọ́n ń nàka, Bàbá ń lu agogo lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ní, "Hẹn-ẹ́n! Ó tún sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹjọ́ yẹn ni Àǹtí Ìbídùn ń rò títí wọ́n fi já síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò mọ̀ pé àwọn ti dé. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ sìn mí lọ sílé rẹ̀ báyìí." Bàbá ní, "Láńdíléèdì rẹ ò sọ nǹkan kan o jàre. Jókòó jẹun."

Ẹni tí ẹ pè ní "kan" nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tánganran kógbá sílé nígbà tí abọ́ oníke gba ìgboro. Wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ lọ, igi hù lára ògiri, ìdajì ọgbà di ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn òṣìṣẹ́ fọ́n ká. Bàbá Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní iwájú ilé wọn. Àmọ́ ìje ò kógbá sílé. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ń sá a, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń sá a, ayálégbé tó kó dé lánàá ń sá a. Abọ́ tánganran tán nílẹ̀, agogo ṣì ń dún.

Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ wá kàn, tí àwọn èèyàn ń ti Ọmọlẹ́ àti GRA Ìkẹjà wá fi bàtà aláràbarà sáré láàárín wa, ni kọmití dé. Mi ò ní parọ́, wọ́n mú nǹkan dára wá. Wọ́n mú omi inú ọ̀rá wá, wọ́n mú bánà wá. Wọ́n mú ambúláǹsì wá, Bàbá Làsísì ló sì dúpẹ́ jù nítorí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dára. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá tún rọ́, kò ní jókòó sórí irin." Lẹ́yìn náà kọmití mú Ọnọ́rébù wá. Láti ọjọ́ tí Ọnọ́rébù ti dé, a ò mọ ẹni tó ń sáré mọ́, àwa tí a wọ bàtà ni àbí òun tó ń wo aago.

Ó wá ku ti ọdún yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹnu Ìgbẹ́kẹ̀lé ni mo ti gbọ́ ọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọmọ Wòlíì tó ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan sì kúrú ju èkejì lọ. Ọdún àkọ́kọ́ tó máa sáré nìyẹn, òun ló sì wà lẹ́yìn. Bàbá Làsísì wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ti dé kọ́nà ojú irin nígbà tí ọ̀kadà kan dé bá wọn. Bùrọ̀dá Johnson ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó ń jíṣẹ́ fún kọmití.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ẹ gbé agogo fún mi."

Bàbá ní, "Fún ọ kẹ̀? Ìwọ lo wà lẹ́yìn ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọnọ́rébù ní òde míì tí wọ́n ń lọ ní Ìkẹjà. Wọ́n fẹ́ bu ìrẹsì lójú kámẹ́rà, àwọn ìyá ò sì gbà kí wọ́n ṣí ìkòkò láì gbọ́ agogo."

"Sọ fún àwọn ìyá pé mo ní kí wọ́n ṣí i."

"Wọn ò ní gbà mí gbọ́. Bàbá, wọ́n ń dúró dè mí!"

Ìgbẹ́kẹ̀lé ní Bàbá wo agogo náà, wọ́n wo òun, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gbé e lọ. Ebi ò dára lára ọmọ aráyé. Àmọ́ sọ fún wọn o, Johnson. Sọ fún wọn pé a ṣì ń bọ̀."

Àwa tí a wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ agogo, a hó yèè. Ẹ má bi mí pé ṣé a ò rí i pé kò sí ẹni tó ń sáré níwájú agogo ni. A ò wo ọ̀nà. Láti kékeré ni agogo yẹn ti kọ́ wa pé bó bá ti dún, ìkòkò là ń wò. Bùrọ̀dá Johnson ń lù ú lórí ọ̀kadà, àwa ti ń na abọ́. Agogo tí wọ́n dá sílẹ̀ kí á má baà gbàgbé ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n fi mú wa gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò na abọ́. Ìyá Hameedah, ìyàwó Bàbá Làsísì, ló wà nídìí ìkòkò tó tóbi jù. Mo dúró lọ́wọ́ iwájú wọn. Wọ́n gbé síbí dúró lọ́wọ́, wọ́n yí orí, wọ́n ní, "Ta ló ń lu agogo yẹn? Ọwọ́ Bàbá Hameedah kọ́ nìyẹn."

Ẹnì kan ní, "Ìyá, ẹ bu oúnjẹ jàre!"

Wọ́n ní, "Mò ń sọ fún yín, ọwọ́ Bàbá Hameedah kọ́ ni. Bàbá Hameedah kì í lù ú wéréwéré báyẹn."

Wọ́n bu ìrẹsì fún Ọnọ́rébù, kámẹ́rà yà á. Ọnọ́rébù jẹ síbí kan, ó nu ẹnu, ó wọ mọ́tò. Wọ́n ní sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà lọ́nà Ìkẹjà, ambúláǹsì bọ́ síwájú wọn, ó tan iná orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ọkọ̀ aláìsàn! Ẹ̀yin èèyàn mi, àìsàn wo ló ń ṣe Ọnọ́rébù? Àìsàn kí á má pẹ́ dé òde?

Àwọn tó ni tẹ́ǹtì ti ń tú u nígbà tí Ìgbẹ́kẹ̀lé yọ. Ó ń bọ̀, ó ń tiro, ó ń ṣubú, ó ń dìde, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹnì kan rí i, ó kígbe pé, "Ìgbẹ́kẹ̀lé, o mà kú ìrìn! Ìrẹsì ti tán o!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó di òpó tẹ́ǹtì mú. Ó ní, "Bàbá ṣubú. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ambúláǹsì dà?"

Ambúláǹsì dà? Ẹ̀yin kọmití, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí kò sáré rí láyé rẹ̀, sáré ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín pé ńkọ́?

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé Bàbá. Ìyá Hameedah gbé orí wọn lé itan, wọ́n ń fi ìdí ìró nu iyanrìn kúrò létí wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní oríkì, "Àlàmú, Àlàmú, dá mi lóhùn." A ò tíì dé ilé ìwòsàn tí Ìyá Hameedah fi dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn la ti mọ̀.

A sin Bàbá kó tó di àdúrà Mọ̀gàrúbà. Kò sí ẹnikẹ́ni láti kọmití. Ọjọ́ fídáù, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀, torí bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi, màá ní irọ́ ni. Fáníìlà ìje ni, tuntun, nínú ọ̀rá, àwòrán Ọnọ́rébù gbẹ̀ngbẹ̀ láyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e fún opó. Ìyá Hameedah gbà á, wọ́n dúpẹ́, torí ilé ire ni wọ́n ti kọ́ wọn. Wọ́n ká a, wọ́n fi í sábẹ́ ẹní. Hameedah ọmọ wọn ló bú sẹ́kún.

Mo ti ń béèrè láti ìgbà náà. Mo bi Bùrọ̀dá Johnson pé, "Ẹ jíṣẹ́ Bàbá àbí ẹ ò jẹ́ ẹ? Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń bọ̀?" Ó ní òun sọ fún Alága lójúkojú. Mo lọ bá Alága. Wọ́n ní, "Johnson ò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi gbọ́ agogo bí gbogbo yín ṣe gbọ́ ọ. Agogo dún, ìje parí. Òfin àwọn bàbá yín náà nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọ̀gá Bọ́látitó, ẹ ti máa ń bínú sí mi pé mo ń sín yín jẹ, pé mo ń fi ohùn yín dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nídìí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ tiẹ̀ rán èèyàn sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́, pé ọmọ tí kò ka ìwé tán ò lè dá kọmití lẹ́jọ́. Òótọ́ ni, mi ò ka ìwé tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sín èèyàn jẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí èèyàn sọ àti bó ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí Ìyá Hameedah ní agogo yẹn kì í ṣe ọwọ́ ọkọ àwọn, tí wọn ò fẹ́ bu oúnjẹ, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ohùn yín kọ́kọ́ yà nímú. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ ní: "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ bu ìrẹsì. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn!

Ta ló sọ fún yín? Ẹ̀yin tí Johnson ò sọ nǹkan kan fún, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Bàbá wà lẹ́yìn? Ẹ mọ̀ pé èèyàn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà ni. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ létí gbogbo àdúgbò, Àǹtí Ìbídùn ká a sínú fóònù wọn níbi tí wọ́n ti ń ya Ọnọ́rébù ní fídíò, ohùn yín wà níbẹ̀ ketekete. Lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́ tán, ambúláǹsì lọ. Ẹ dúró, ẹ juwọ́ sí i.

Ẹ má sọ fún mi pé ọjọ́ Bàbá ló pé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ ń pé. Ọjọ́ ọkùnrin tó fẹsẹ̀ rọ́ lórí irin náà ì bá pé, bí kì í bá ṣe pé ìyàwó rẹ̀ béèrè rẹ̀. Ìyá Hameedah náà béèrè. Ẹ ní kí wọ́n bu ìrẹsì.

Bàbá Làsísì ò ṣubú lẹ́yìn ìje. Inú ìje ni wọ́n ṣubú sí, lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe fún wa, nígbà tí ẹni ìkẹyìn ṣì wà lójú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sórí WhatsApp nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ wọn, Làsísì Àlàmú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ibi tí ẹ kọ "bàbá àgbàlagbà kan" sí.

Mo gbọ́ pé kọmití ń pàdé ní Sátidé láti mú àwọ̀ fáníìlà ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ dúró ná. Ìyá Hameedah ò lè wá sípàdé yín, wọ́n ń ṣe opó. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá wọn. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ má mú kámẹ́rà dání. Ẹ wò wọ́n lójú, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí ambúláǹsì máa lọ. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ẹ pè é wá síbẹ̀ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, Ọ̀gá Bọ́látitó, ẹ sọ fún obìnrin yẹn pé, "Èmi ni." Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ má ra fáníìlà kankan. Kò sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Tánganran.